Ọ̀rọ̀ Tó Ju Ẹkún Lọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín. Èmi ò mọ ibi tí òwe yìí jinlẹ̀ dé àfìgbà tí mo rí àwòrán kan lórí fóònù ọ̀rẹ́ mi.

Obìnrin òyìnbó kan ló wà níbẹ̀, ó fi awò dúdú sójú, ó gbé fóònù sétí, ojú ẹ̀ le koko. Martin Luther King ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, tó ń bá èrò sọ̀rọ̀. Mo ní, "Ta ló ń pè?" Ọ̀rẹ́ mi ní, "Ọlọ́pàá ni! Ṣé o ò rí i pé dúdú ń sọ̀rọ̀ ni?" A bú sẹ́rìn-ín.

Ìgbà tí mo wádìí ẹ̀ ni ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹrin ọdún 2018, àwọn aláwọ̀ dúdú kan ń sun ẹran létí adágún Lake Merritt ní Oakland, ní Amẹ́ríkà. Obìnrin yìí bá pe ọlọ́pàá, ó ní wọn ò gbọdọ̀ fi èédú dáná níbẹ̀. Ẹnì kan ká a sórí fídíò. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gé àwòrán ẹ̀, tí wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi gbogbo. BBQ Becky ni wọ́n sọ ọ́. Ní ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún, ọ̀pọ̀ èrò padà sétí omi náà, wọ́n sun ẹran, wọ́n sì jó.

Ẹ má rò pé íntánẹ́ẹ̀tì ló bí irú orúkọ yìí o. Tipẹ́tipẹ́ làwọn dúdú Amẹ́ríkà ti ń pe irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ní "Miss Ann" láàárín ara wọn. Wọn ò jẹ́ sọ ọ́ síta, torí ẹ̀mí lè bá a lọ. Lọ́dún 1955 ní Mississippi, wọ́n ní Emmett Till, ọmọ ọdún 14, yájú sí obìnrin òyìnbó kan nínú ṣọ́ọ̀bù. Ọkọ obìnrin náà àti ọmọ ìyá ọkọ ẹ̀ lọ gbé ọmọ náà lóru, wọ́n pa á. Ọkùnrin òyìnbó 12 tó jókòó gbọ́ ẹjọ́ ní wọn ò jẹ̀bi. Lọ́dún kejì, àwọn méjèèjì fẹnu ara wọn jẹ́wọ́ fún ìwé ìròyìn.

Ṣé ẹ wá rí i pé ọ̀rọ̀ ẹran sísun kọ́? Ohun tí àwòrán yẹn ń sọ ni pé ẹnu ẹnì kan tẹ̀wọ̀n lójú ìjọba ju ti ẹnì kejì lọ, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún ọdún 2020, Christian Cooper, tó ń wo ẹyẹ nínú Central Park ní New York, ní kí obìnrin kan so ajá ẹ̀. Ìyẹn pe ọlọ́pàá pé ọkùnrin dúdú fẹ́ gba ẹ̀mí òun. Cooper ti ká a sórí fóònù. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, ọlọ́pàá pa George Floyd ní Minneapolis. "Karen" lorúkọ yẹ̀yẹ́ náà ti dà nígbà yẹn. Nígbà tó di oṣù kẹwàá, San Francisco ṣe òfin kan, CAREN Act: ẹni tí wọ́n bá torí àwọ̀ ẹ̀ pe ọlọ́pàá lé lórí láìṣẹ̀ lè pe onítọ̀hún lẹ́jọ́.

Àwòrán yẹn ṣì wà lórí fóònù mi. Mo ṣì ń rẹ́rìn-ín tí mo bá rí i. Ṣùgbọ́n mo ti mọ ẹkún tó wà lábẹ́ ẹ̀.