Láti Ojú Dé Ọwọ́: Bí Géèmù Ìwakọ̀ Ṣe Ń Jọ Ọkọ̀ Gidi

Ní 1974, McDonald's ṣí ilé oúnjẹ rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí Powis Street, ní Woolwich. Ọdún yẹn náà ni ilé iṣẹ́ Atari gbé géèmù ìwakọ̀ Gran Trak 10 jáde ní Amẹ́ríkà. Àwa tí à ń ra iṣu àti ata ní Woolwich máa ń fi ìtàn àkọ́kọ́ ta àlejò lọ́rẹ. Èkejì ni mo fẹ́ sọ, torí ibẹ̀ ni àríyànjiyàn tí àwọn ọmọ wa ń ṣe ní pálọ̀ ti bẹ̀rẹ̀: géèmù wo ló jọ ọkọ̀ gidi jù?

Gran Trak 10 kò lẹ́wà rárá. Àmì funfun tó-tò-tó lójú gíláàsì dúdú ni ọ̀nà rẹ̀, bí ẹni tó ń wò ó láti orí òrùlé. Ṣùgbọ́n ó ní sítíárìn àti jíà, ó ní ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ iná àti bíréèkì. Ní 1982, Pole Position ti ilé iṣẹ́ Namco ní Japan gbé ìdájọ́ fún ojú: a wà lẹ́yìn ọkọ̀, òkè Fuji wà lọ́ọ̀ọ́kán. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ti ń pe ohun tó lẹ́wà ní ohun tó jọ òótọ́. Èmi ò gbà. Ojú awakọ̀ kọ́ ló ń kọ́kọ́ mọ̀ pé taya fẹ́ yọ̀ nínú òjò. Ìdí rẹ̀ lórí àga ló ń mọ̀ ọ́n, sítíárìn á sì fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ bi ẹni tó bá ti wa dáńfó lọ sí Ìbàdàn nínú oṣù keje.

Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ náà padà fún ọwọ́ ni Geoff Crammond, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣe géèmù Revs ní 1984 fún BBC Micro, kọ̀ǹpútà tó kún ilé ìwé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Kìlóbáìtì 32 péré ni iyè inú rẹ̀. Fọ́tò kan lórí fóònù wa lónìí pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Síbẹ̀ Crammond ṣírò bí taya ṣe ń di ilẹ̀ mú, David Hunt tó ń sáré Formula 3 nígbà náà sì gbà á nímọ̀ràn. Bí o bá yí ìyẹ́ ọkọ̀ náà padà níwájú tàbí lẹ́yìn, wàá mọ ìyàtọ̀ rẹ̀ ní igun tó kàn. Pápá ìdíje Silverstone ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ní 1985, wọ́n fi Brands Hatch kún un, pápá tó wà ní Kent létí ọ̀nà A20, tí kò jìnnà sí Woolwich. Ẹni tó bá fẹ́ dá Crammond lẹ́jọ́ lè lọ dúró létí igun Paddock Hill, níbi tí ọ̀nà ti ń já wálẹ̀ bí ẹni ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè.

Ní 1989, géèmù Hard Drivin' jáde pẹ̀lú sítíárìn tó ń bá ọwọ́ jà. Gran Turismo dé ní 1997 pẹ̀lú ọkọ̀ bí 140. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni David Kaemmer àti ilé iṣẹ́ Papyrus gbé Grand Prix Legends jáde, géèmù àwọn ọkọ̀ ìdíje 1967 tí kò ní ìyẹ́. Ọ̀pọ̀ tó rà á ni ọkọ̀ ń yí mọ́ lọ́wọ́ kí wọ́n tó dé igun kìíní. Òun ni mo fún ní ipò kìíní títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Kaemmer kan náà wà nídìí iRacing, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2008, tó ń fi ìtànṣán lésà wọn gbogbo gegele ojú ọ̀nà.

Ó ku ara. Jann Mardenborough, tó dàgbà ní Cardiff, gba ìdíje GT Academy lórí Gran Turismo ní 2011, wọ́n sì fún un ní ọkọ̀ gidi. Ní 2013 ó sáré nínú ìdíje Le Mans. Ní oṣù kẹta 2015, ọkọ̀ rẹ̀ gbéra nílẹ̀ níbi tí wọ́n ń pè ní Flugplatz, ní pápá ìdíje Nürburgring, ó fo wáyà ààbò kọjá, òǹwòran kan sì kú. Flugplatz wà nínú Gran Turismo. Bí ọkọ̀ bá gbéra níbẹ̀, á balẹ̀, wàá sì tún tẹ iná.