Àgbagbà Tó Pọ́n Jù

Ní Ìkirè ni ìyá mi àgbà ti dín dòdò. Àgbagbà tó pọ́n jù, tí ẹlòmíràn fẹ́ dà nù, ni wọ́n ń wá rà. Wọ́n á fi ata àti iyọ̀ sí i, wọ́n á dín in nínú epo pupa títí yóò fi dúdú, wọ́n á wá mọ ọ́n rìbìtì.

Ní 2022, wọ́n fi abẹ̀bẹ̀ ńlá ẹ̀rọ amúnáwá tí atẹ́gùn ń yí, èyí tó ti ṣiṣẹ́ tán, ṣe afárá ní Cork, ní Ireland. Nígbà tí mo gbọ́ ọ, agbada tí ìyá mi àgbà fi ń dín dòdò ni mo rántí: ohun tó gbó ṣì níṣẹ́ í ṣe.