Kí Ló Wà Nínú ‘Àwòrán’?

Ojú tó bá ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dé òpin ìran, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wí nílẹ̀ Yewa. Láti Ìlaró dé Ayétòrò, títí wọ Ìmẹ̀kọ létí ibodè, ìran kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ohun tí èrò pé jọ wò ni ìran, ẹni tó ń wò ó ni awòran. Fa ohùn ìkẹyìn sókè, kí o rẹ ti ìbẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, awòran á di àwòrán, ọ̀rọ̀ á sì di òmíràn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Lawal kọ ọ́ lọ́dún 2001 pé inú ‘à-wò-rántí’ ni àwòrán ti jáde: ohun tí a wò, tí a fi rántí. Mo gbà á gbọ́, mo sì ní ẹ̀rí kékeré tèmi. Gbogbo wa la máa ń sọ pé ‘rán mi létí’. ‘Rán’ ló ń ṣiṣẹ́ nínú gbólóhùn yẹn, etí ló sì ń gbà á wọlé. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kan àwòrán, ojú gba iṣẹ́ lọ́wọ́ etí: ‘wò’ bọ́ síwájú, ‘rán’ tẹ̀ lé e, etí ṣubú sẹ́yìn. Ẹlòmíràn lè ní ‘rán’ ti rán-ni-níṣẹ́ ni. N kò ní bá a jà, àwòrán tó dáa a máa jíṣẹ́.

Bíbélì Yorùbá wa, èyí tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ parí lọ́dún 1884, lo ọ̀rọ̀ yìí lọ́nà tó yẹ ká fara balẹ̀ wò. Ní Jẹ́nẹ́sísì orí kìíní, àwòrán Ọlọ́run ni a dá ènìyàn. Ní Ẹ́kísódù orí ogún, àwòrán wà lára ohun tí a kò gbọdọ̀ ṣe ká máa forí balẹ̀ fún. Ní Kólósè orí kìíní, Kristi gan-an ni àwòrán Ọlọ́run tí a kò rí. Ohun kan náà tí wọ́n fi lé wa kúrò nídìí òrìṣà ni wọ́n fi pe Ọmọ Ọlọ́run! Ti Ẹ́kísódù yẹn nìkan sì ni ọ̀pọ̀ oníwàásù wa rántí.

Ẹ wo bí ayàwòrán ìgboro ṣe ń ya Jésù sára ògiri pẹpẹ. Wọ́n á fún un ní kàlẹ́ńdà tí àwòrán Jésù wà lára rẹ̀. Á fi rúlà fa ìlà níbùú lóòró sórí rẹ̀ títí yóò fi di onígun mẹ́rin wẹ́wẹ́, á fi ṣọ́ọ̀kì fa iye kan náà, ńláńlá, sára ògiri, á wá máa kó ohun tó wà nínú ojú kọ̀ọ̀kan lọ síbi tirẹ̀. Tó bá kan àwọ̀ ara ni mo máa ń wo ọwọ́ rẹ̀. Á da ọ̀dà funfun púpọ̀, á kán pupa sí i, á ta yẹ́lò díẹ̀ lé e, á rò ó títí yóò fi dà bí awọ ẹni tí oòrùn Yewa kò pa rí. Ọ̀dà búráùn tó jọ apá òun fúnra rẹ̀ wà nínú agolo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Igi àgbélébùú ló fi í kùn.

Ọ̀kan nínú orí tó wọ́pọ̀ lára kàlẹ́ńdà bẹ́ẹ̀, Warner Sallman, ará Chicago ní Amẹ́ríkà, ló yà á lọ́dún 1940. Wọ́n ní ẹ̀dà rẹ̀ ti lé ní mílíọ̀nù 500. Ta ni irun gígùn àti imú ṣóńṣó yẹn ń rán wa létí? Ìyá tó gbé e kọ́ òkè ibùsùn kò rántí ará Chicago kankan. Ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn, tó kọjú sí i gbàdúrà, tí ara ọmọ sì yá, ọjọ́ yẹn ló ń rántí. Ìtumọ̀ tirẹ̀ nìyẹn, kò sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n òun nìkan ló dá iṣẹ́ yẹn ṣe, ayàwòrán kò bá a dá sí i.

Bruce Onobrakpeya, ọmọ Urhobo tí wọ́n bí lọ́dún 1932, dá sí i. Láàárín 1967 sí 1969, nígbà tí ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́, ó ya ibùdúró 14 ti Ọ̀nà Àgbélébùú fún ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St. Paul ní Ebute Metta, l’Ékòó. Èèyàn dúdú ni Jésù rẹ̀, ará ilẹ̀ yìí ni àwọn tó yí i ká. Ẹni tó bá kúnlẹ̀ síbẹ̀ nígbà náà, tí àbúrò rẹ̀ wà lójú ogun, ta ni yóò tún máa ṣàlàyé fún un pé ọmọ ẹnìkan ló ń ru igi lọ yẹn?

Nílẹ̀ Yewa tiwa, Ìmẹ̀kọ ni ọ̀rọ̀ náà ti dùn jù. Ibẹ̀ ni wọ́n sin Samuel Bilewu Oshoffa sí lọ́dún 1985, ẹni tó dá Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) lọ́dún 1947. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ìjọ ń rọ́ lọ ní Kérésìmesì. Ìran ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìjọ náà, ìran ni àwọn aríran rẹ̀ sì ń rí títí dòní, orúkọ kan náà tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń jẹ́ lẹ́nu ará ibẹ̀. Áńgẹ́lì tí wọ́n yà sára ògiri wọ funfun. Ẹni tó kúnlẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ wọ sùtánà funfun, kò wọ bàtà. Èwo ni àwòrán èwo? Níbẹ̀, olùjọsìn ti fi ara rẹ̀ ṣe àwòrán kí ayàwòrán tó dé. Ṣùgbọ́n gbójú sókè wo áńgẹ́lì náà: lọ́pọ̀ ìgbà, funfun rẹ̀ kò mọ sórí aṣọ.

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì Ìlaró, Ayétòrò àti Ìmẹ̀kọ, tí ẹ bá tún fẹ́ kun pẹpẹ, ẹ má fún ayàwòrán ní kàlẹ́ńdà mọ́. Ẹ ka ibi tí ẹ fẹ́ kó yà fún un nínú Bíbélì, ẹ jẹ́ kó lọ rò ó, ẹ san owó rẹ̀ pé, kí ẹ sì jẹ́ kó kọ orúkọ rẹ̀ sísàlẹ̀.