Ọjọ́ Kan ní Itaparica, Erékùṣù tí Egúngún Ti Ń Sọ Èdè Wa

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ Bàhíà lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti Salvador, ìlú ńlá tí gbogbo ayé ń ya fọ́tò rẹ̀. Erékùṣù tó kọjú sí i ni a fẹ́ lọ.

Ẹni tó bá dé Salvador kò ní pẹ́ rí ẹni tó máa fi ìrìn àjò ọjọ́ kan lọ̀ ọ́. Ọkọ̀ ojú omi kan wà tó ń kó èrò púpọ̀ pọ̀, wọ́n á máa lu ìlù samba nínú rẹ̀, wọ́n á já èrò sí etí òkun kí wọ́n wẹ̀, kí wọ́n jẹun, ó di ilé. Ìyẹn kò burú. Ṣùgbọ́n ọmọ Kétu tàbí ọmọ Àjàṣẹ́ tó bá ní ọjọ́ kan péré lọ́wọ́, ohun tí a máa sọ fún un ni pé kó wá amọ̀nà tirẹ̀, òun àti ìwọ̀nba ará tó bá bá a wá, kí wọ́n sì lọ sí Itaparica ní ẹsẹ̀ ara wọn. Amọ̀nà gidi ní Bràsíìlì ní ìwé ìforúkọsílẹ̀ tí ìjọba ń fún un, Cadastur ni wọ́n ń pè é. Ẹ ní kó fi hàn yín kí ẹ tó sanwó.

Itaparica ni erékùṣù tó tóbi jù nínú Baía de Todos os Santos, ibi tí òkun ti ya wọ ilẹ̀ Bàhíà. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà débẹ̀ láti Salvador. Ọkọ̀ ńlá tó ń gbé mọ́tò máa ń gbéra ní São Joaquim, ó máa ń lo bíi wákàtí kan kó tó dé Bom Despacho. Àwọn ọkọ̀ kékeré sì ń lọ sí Mar Grande, wọ́n yá jù ìyẹn lọ, àmọ́ bí omi òkun bá fà sẹ́yìn jù, wọn kì í lè gúnlẹ̀, iṣẹ́ á dúró. Amọ̀nà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ máa ń wo àkókò omi kó tó dá wákàtí fún yín.

Bí ẹ bá gba ti São Joaquim, ẹ tètè dé, nítorí ọjà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èbúté náà tí kò yẹ kí ọmọ wa kọjá lójú pópó. Ẹ máa rí obì àti orógbó níbẹ̀. Ẹ máa rí epo pupa nínú ìgò, dendê ni wọ́n ń pè é. Ẹ máa gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé ọjà kan jẹ́ "da Costa". Costa tí wọ́n ń wí yìí, èyíinì etíkun, etíkun tiwa ni: Àjàṣẹ́, Ọ̀yìdà, Àgbádárìgì, Èkó. Ọṣẹ dúdú ni sabão da Costa. Ataare ni pimenta da Costa. Òrí ni limo da Costa. Aṣọ tí àwọn ìyálórìṣà ń fi lé èjìká ni pano da Costa. Láti ayé òwò ẹrú ni àwọn orúkọ yìí ti wà, nígbà tí àwọn ọkọ̀ ń gbé tábà Bàhíà wá sí etíkun wa, tí wọ́n sì ń kó ènìyàn padà. Ẹrú tó dé ọ̀hún ṣì ń fẹ́ ọṣẹ ilé rẹ̀, oníṣòwò sì rí èrè nínú ìyẹn náà.

Ní erékùṣù, ibi tí amọ̀nà máa ń kọ́kọ́ gbé àlejò lọ ni ìlú Itaparica fúnra rẹ̀, ní orí ilẹ̀ níhà àríwá. Ponta das Baleias ni orúkọ ibẹ̀ àtijọ́, nítorí àbùùbùtán tí wọ́n máa ń pa níbẹ̀ tí wọ́n ń yọ òróró rẹ̀ fún àtùpà. Ẹrú ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Odi kan tí àwọn Potogí kọ́, São Lourenço, ṣì dúró létí omi. Omi ìsun kan tún wà, Fonte da Bica, tí àwọn ará ibẹ̀ ń fi yangàn. Ẹ bu mu, ẹ máa lọ.

Nídìí odi yẹn ni ẹ máa gbọ́ ìtàn Maria Felipa. Bràsíìlì kéde òmìnira ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1822, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ogun Potogí kò kúrò ní Salvador títí di ọjọ́ 2 oṣù keje ọdún 1823. Ní oṣù kìíní ọdún 1823 yìí, wọ́n gbìyànjú láti gba Itaparica, àwọn ará erékùṣù sì lé wọn padà. Ìtàn àwọn ará ibẹ̀ ni pé obìnrin dúdú kan, tó ń ṣa ìṣáwùrú àti akàn létí omi jẹun, kó àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, wọ́n fi ewé cansanção na àwọn sójà náà, wọ́n sì dáná sun ọkọ̀ wọn. Ewé náà máa ń jó ènìyàn lára bí èsìsì tiwa. Àwọn onítàn ń jiyàn lórí bí ó ti rí gan-an, nítorí ẹnu ni wọ́n fi gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ wá. Síbẹ̀, ní ọdún 2018, ìjọba Bràsíìlì kọ orúkọ Maria Felipa sínú ìwé àwọn akọni orílẹ̀-èdè náà. Lójú tiwa, ẹnu tó gbé orúkọ obìnrin apẹja fún nǹkan bí igba ọdún kì í ṣe ẹnu yẹpẹrẹ.

Ẹ ní kí amọ̀nà yà yín sí Baiacu, bí ọ̀nà tiẹ̀ jìn díẹ̀. Àwókù ṣọ́ọ̀ṣì kan wà níbẹ̀ tí àwọn Potogí bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀rúndún 16. Òrùlé rẹ̀ ti lọ. Igi ńlá kan, gameleira, ló ta gbòǹgbò wé ògiri rẹ̀, òun ló sì di ògiri náà mú kó má wó. Amọ̀nà máa sọ pé ẹ ya fọ́tò, ẹ yà á. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé nígbà tí àwọn baba wa dé Bàhíà, wọn kò rí igi ìrókò. Gameleira ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Nínú àwọn ilé òrìṣà, ọ̀já funfun ni wọ́n ń so mọ́ ọn nídìí, Ìrókò ni wọ́n sì ń pè é.

Oúnjẹ ọ̀sán: ẹja tí wọ́n fi epo pupa àti omi àgbọn sè, moqueca. Acarajé ni àkàrà, kò sí àlàyé níbẹ̀. Acaçá tí wọ́n wé sínú ewé ni àkàsà tí ẹ ń rà ní ọjà Àjàṣẹ́ láàárọ̀, orúkọ kan náà.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká dé ibi tí ọ̀pọ̀ ìrìn àjò ọjọ́ kan kì í dé. Etí òkun Ponta de Areia wà lára ohun tí gbogbo amọ̀nà ń fi han àlejò: iyanrìn, omi tó mọ́, àgbọn tútù. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kẹ́yìn sí òkun, tí ẹ gun òkè díẹ̀ wọ inú àdúgbò àwọn ará ibẹ̀, ẹ ti dé agbègbè Ilê Agboulá. Ilé Egúngún ni. A kò sọ pé ilé òrìṣà, nítorí ilé òrìṣà pọ̀ ní Bàhíà bí ilẹ̀ bí ẹní. Egúngún ló ṣọ̀wọ́n, Itaparica sì ni wọ́n ti tọ́jú rẹ̀ jù.

Bí àwọn àgbà ilé náà ti ń sọ ọ́ ni pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 19 ni Egúngún ti wà ní erékùṣù yìí, láàrin àwọn ẹrú oko. Ọkùnrin kan wà nínú wọn tí wọ́n ń pè ní Marcos Àgbà. Ó ra ara rẹ̀ padà lóko ẹrú. Ó mú ọmọ rẹ̀, ó wọ ọkọ̀ padà wá sí ilẹ̀ wa, wọ́n pẹ́ níbẹ̀, wọ́n kọ́ awo dáadáa, lẹ́yìn náà ni wọ́n tún padà sí Itaparica pẹ̀lú Baba Olúkọ̀tún. Ọmọ yẹn, tí wọ́n ń pè ní Tio Marcos, ló dá ilé Egúngún sílẹ̀ ní Tuntum, òun ló sì jẹ oyè Alápinni níbẹ̀. Láti Ọ̀yọ́ ni oyè náà ti wá, níbi tí Alápinni ti jẹ́ olórí Egúngún. Ẹ̀yin ará Kétu náà mọ orúkọ yẹn láàrin àwọn ilé tó ń jọba lọ́dọ̀ yín. Ilê Agboulá jáde wá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20, láti ọwọ́ àwọn tó jogún awo yìí.

Ìrìn àjò Marcos kò yani lẹ́nu fún ẹni tó mọ Àjàṣẹ́. Lẹ́yìn ogun tí àwọn Mùsùlùmí dìde ní Salvador ní oṣù kìíní ọdún 1835, ìjọba le mọ́ àwọn adúláwọ̀ tó ti gba òmìnira, wọ́n lé àwọn kan, àwọn mìíràn sì ra àyè ọkọ̀ fúnra wọn. Àwọn ni a ń pè ní Àgùdà. Mọ́ṣáláṣí ńlá Àjàṣẹ́ tó jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bàhíà, iṣẹ́ wọn ni. A máa ń sọ̀rọ̀ àwọn tó padà wálé. A kì í sábà sọ̀rọ̀ àwọn tó padà wálé, tí wọ́n mú ohun tí wọ́n wá mú, tí wọ́n sì tún kọjá sí òkè òkun nítorí pé àwọn ènìyàn wọn wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn, pé ìparun Kétu ní ọdún 1886 ló kó orúkọ Kétu lọ sí Bàhíà. Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ọdún 1850 ni Bràsíìlì ti fi òfin de kíkó ẹrú wọlé. Àwọn ọmọ Kétu tó dé ọ̀hún ti lọ ṣáájú, nínú àwọn ogun tí Dàhọ̀mì ń gbé wá láti ọ̀rúndún 18. Àwọn ará Ọ̀yọ́, Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀ṣà sì wà pẹ̀lú wọn. Nàgó ni wọ́n pe gbogbo wọn, orúkọ tí wọ́n ṣì ń pe àwa náà ní Bẹ̀nẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí wọ́n ṣe ní ọ̀jẹ̀ ní Itaparica láti kékeré ni Deoscóredes Maximiliano dos Santos, tí wọ́n bí ní 1917, tí gbogbo Bàhíà mọ̀ sí Mestre Didi. Ìyá rẹ̀ ni Mãe Senhora, ìyálórìṣà Ilê Axé Opô Afonjá ní Salvador. Ní ọdún 1967, Didi wá sí Kétu pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, Juana Elbein, àti Pierre Verger. Ó dé iwájú Alákétu. Kò sí ìwé kan lọ́wọ́ rẹ̀ tó lè fi hàn pé ọmọ Kétu ni. Ohun tó ní ni oríkì ìdílé ìyá rẹ̀, tí ìyá ti ń fi lé ọmọ lọ́wọ́ láti ayé ẹrú. Ó ki oríkì náà. Wọ́n ní ọba gbọ́ ọ, ó sì nawọ́ sí ibì kan nínú ìlú, ó ní: ilé àwọn ènìyàn rẹ nìyẹn. Ilé Aṣípa ni. Nígbà tí Didi dá ilé Egúngún tirẹ̀ sílẹ̀ ní Salvador ní ọdún 1980, Ilê Asipá ló sọ ọ́.

Nítorí náà, bí ẹ bá dé Ponta de Areia, ẹ má ṣe bí ẹni tó wá wòran. Òru ni Baba máa ń jáde níbẹ̀, títí ilẹ̀ á fi mọ́. Amúìṣan á wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìṣan lọ́wọ́ kí aṣọ má bàa kan ẹnikẹ́ni. Àwọn obìnrin ní àyè tiwọn, ọkùnrin ní tiwọn. Ẹ mọ gbogbo ìyẹn láti ilé. Ọ̀sán ni ìrìn àjò tiyín, ẹ kò sì ní rí Egúngún kankan. Amọ̀nà tó bá ní òun lè gba owó kí òun mú yín wọ inú ilé awo, ẹ dá a padà sí ọkọ̀. Ẹni rere máa kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí àwọn àgbà ilé, bí wọ́n bá gbà, ẹ ó jókòó níta, ẹ ó kí wọn ní Yorùbá, ẹ ó sì rí bí ojú wọn á ti rí.

Kò tíì pẹ́ tí ayé dẹ̀ fún àwọn àgbà wọ̀nyẹn. Títí di ọdún 1976, ilé ìsìn wa ní Bàhíà gbọ́dọ̀ gba ìwé lọ́dọ̀ ọlọ́pàá kó tó lu ìlù. Ọdún 2015 ni IPHAN, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń tọ́jú ohun àjogúnbá, fi òfin dáàbò bo Ilê Agboulá. Ààbò yẹn máa wúlò, nítorí ní 2020 ìjọba Bàhíà fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú àwọn ilé iṣẹ́ Ṣáínà láti kọ́ afárá tó ju kìlómítà 12 lọ láti Salvador sí erékùṣù náà. Aláìsàn tí kò rí ọkọ̀ lóru máa dúpẹ́ fún afárá, a kò lè sọ pé kí wọ́n má kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ rí bí ilé ti ń yí igbó awo ká ní àwọn ìlú wa mọ ohun tí ilẹ̀ tó gbówó lórí máa ń ṣe.

Ẹ̀yin ọmọ ilé Aṣípa ní Kétu, bí àwọn àgbà yín bá ti sọ fún yín nípa ọjọ́ tí ọmọ Bàhíà yẹn wá ki oríkì yín níwájú Alákétu, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa. Ta ló wà níbẹ̀? Ta ló mú un délé? Kí ni wọ́n fi ṣe é lálejò? Láti òkè òkun ni a ti gbọ́ ìtàn náà, ó kù kí a gbọ́ ọ láti ilé.