Ẹni Tó Wọ Aṣọ Ìjọba Ní Ilé Pẹ̀lú

Ẹ̀yin ará, nígbàkúùgbà tí a bá ń ṣe ìsìn ìkẹyìn fún olọ́pàá tàbí ọmọ ogun, ọ̀rọ̀ méjì kan kì í wọ́n nínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀: òṣìṣẹ́ tó fi tọkàntọkàn ṣiṣẹ́ ni, bàbá rere nínú ilé sì ni. A ó kà á, a ó ṣe àmín, a ó sì tú ká. Tó bá di ọdún mẹ́wàá sí i, ta ló máa lè sọ ohun tí ọ̀rọ̀ méjì yẹn túmọ̀ sí nínú ayé ẹni náà? Mo fẹ́ ká fi ìtàn ìlú Kaduna tí a ń gbé yìí yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, nítorí Kaduna ti fi hàn wá pé ohun tó bá kan ẹni tó wọ aṣọ ìjọba, ó ti kan ilé rẹ̀ náà nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Ọdún 1913 ni ìjọba Lugard bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ìlú yìí sí etí odò, kí wọ́n lè gbé olú-ìlú ilẹ̀ Àríwá kúrò ní Zungeru wá síbí. Ìlú òṣìṣẹ́ ni látìbẹ̀rẹ̀: rélùwéè, ọ́fíìsì ìjọba, àti bárékè. Àwọn Yorùbá bá ọkọ̀ ojú irin dé. Akọ̀wé wà nínú wọn, tísà wà níbẹ̀, oníṣòwò náà ò gbẹ́yìn, àwọn mìíràn sì wá nínú aṣọ olọ́pàá. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹrin ọdún 1930 ni wọ́n pa ẹgbẹ́ olọ́pàá Àríwá àti ti Gúúsù pọ̀ di ọ̀kan ṣoṣo. Láti ìgbà yẹn, ibi tí wọ́n bá ní kí olọ́pàá lọ ló ń lọ, yálà ìlú rẹ̀ ni tàbí kì í ṣe ìlú rẹ̀.

Kí lèyí túmọ̀ sí fún ilé? Ẹ bi àwọn ìyá wa tó gbé bárékè rí. Ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí oníbàárà fún àkàrà rẹ̀ ní Kaduna, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n á ní kó dì ẹrù, Maiduguri ló kàn. Ọmọ tó ń sọ Yorùbá nínú ilé, tó ń sọ Hausa pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ níta, á tún lọ bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé tuntun láàárín ọdún. Owó oṣù lè pẹ́. Kódà ní oṣù Kejì ọdún 2002, ọ̀rọ̀ owó oṣù àti àjẹmọ́nú tí wọn ò san mú kí àwọn olọ́pàá kéékèèké daṣẹ́ sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ohun tí ojú ò rí rí. Nítorí náà, tí a bá pe ẹnì kan ní olọ́pàá tó fọkàn sí iṣẹ́, ó yẹ ká rántí pé ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ bá a san lára owó rẹ̀.

Àwọn ìgbà kan wà tó jẹ́ pé owó náà pọ̀ ju ohun tẹ́nikẹ́ni lè san lọ. Òru ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1966 jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Gbogbo wa la mọ̀ pé òru ọjọ́ náà ni wọ́n pa Sardauna, Ahmadu Bello, ní Kaduna níbí, tí ìyàwó rẹ̀ Hafsatu sì bá a kú. Ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa ò mọ̀ ni pé wọ́n pa Yorùbá nínú ìlú yìí kan náà. Bìrìgédíà Samuel Ademulegun, ọmọ Oǹdó, ni olórí àwọn ọmọ ogun tó wà ní Kaduna nígbà náà. Ó wà lára àwọn ọmọ Nàìjíríà tó kọ́kọ́ di ọ̀gá nínú iṣẹ́ ológun, nígbà tó jẹ́ pé òyìnbó ló ń ṣe ọ̀gá níbẹ̀. Kì í ṣe ojú ogun ló ti kú. Inú yàrá rẹ̀ ni wọ́n bá a, òun àti ìyàwó rẹ̀ Latifat. Oyún wà nínú Latifat. Wọ́n pa àwọn méjèèjì. Àwọn ọmọ wọn kéékèèké jí sí ayé tí kò sí bàbá, tí kò sí ìyá. Ọ̀gágun Ralph Shodeinde náà, Yorùbá bíi tiwa, bá òru ọjọ́ yẹn lọ ní Kaduna.

Ẹ wá wo bí ìtàn ṣe ń pín ìrántí. Ademulegun ní orúkọ nínú ìwé, ipò rẹ̀ ló gbé e dé ibẹ̀. Latifat, ìlà kan péré ni wọ́n sábà máa ń fún un: «òun àti ìyàwó rẹ̀». Bẹ́ẹ̀ ìyàwó yìí kò búra fún ìjọba kankan, kò sì gba ìbọn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ilé ọkọ rẹ̀ ló wà.

Àwọn olọ́pàá ńkọ́? Nínú àkọsílẹ̀ àwọn tó kú nínú ìdìtẹ̀ náà káàkiri orílẹ̀-èdè, orúkọ àwọn olọ́pàá wà níbẹ̀: Yohana Garkawa, Musa Nimzo, Akpan Anduka, Hagai Lai, Philip Lewande. Ẹ tún un kà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ka ìtàn ọdún 1966 nílé ìwé, ṣé ẹ gbọ́ orúkọ ọ̀kan nínú wọn rí? Wọn kì í ṣe ọ̀gá, wọn ò dá sí ìṣèlú. Iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe. Orúkọ wọn fúnra rẹ̀ ti sọ fún wa pé ìyá wọn kì í ṣe ìyá kan, èdè wọn kì í ṣe èdè kan, síbẹ̀ iṣẹ́ kan náà ló pa wọ́n pọ̀. Ilé àwọn náà sì ṣófo bí ilé bìrìgédíà ṣe ṣófo.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wá le fún wa gẹ́gẹ́ bí ìjọ nìyí. Ìrántí lè di ẹ̀san. Nígbà tí àwọn kan gbà pé ẹ̀yà kan ló ṣe é, wọ́n gbẹ̀san lóṣù Keje ọdún 1966. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹsàn-án sí Kẹwàá, wọ́n ń pa àwọn Igbo ní ọ̀pọ̀ ìlú Àríwá, àwọn aládùúgbò tí kò mọ ohunkóhun nípa ìdìtẹ̀, tí ọmọ wọn àti ọmọ wa jọ ń lọ ilé ìwé. Ogun abẹ́lé tẹ̀ lé e, kò sì parí títí di ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1970, ọdún mẹ́rin géérégé sí òru ọjọ́ yẹn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní ni orílẹ̀-èdè wa ń ṣe ìrántí àwọn ọmọ ogun tó ti lọ.

Ohun kan tún wà tó máa ń mú mi dákẹ́. Major Nzeogwu tó ṣáájú ìdìtẹ̀ náà ní Kaduna, Kaduna níbí ni wọ́n bí i sí, débi pé orúkọ ìlú wa wà lára orúkọ tí wọ́n ń pè é. Nígbà tó kú sójú ogun nítòsí Nsukka ní oṣù Keje ọdún 1967, Gowon tó ń bá wọn jagun ló ní kí wọ́n gbé òkú rẹ̀ wá sin sí Kaduna pẹ̀lú ẹ̀yẹ ọmọ ogun. Ilẹ̀ kan náà ló gba gbogbo wọn. Mi ò sọ pé ká gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ o. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ká rántí òkú tiwa láì sọ òkú ẹlòmíì di ọ̀tá, iṣẹ́ ńlá ni, iṣẹ́ ìjọ sì ni.

Ẹnì kan á ní, «Olọ́pàá wo lẹ tiẹ̀ ń sọ? Àwọn tó ń gbowó lójú títì?» Òótọ́ ni. Àwọn ọ̀dọ́ wa jáde lóṣù Kẹwàá ọdún 2020 láti fẹ̀hónú hàn sí ìwà ìkà àwọn olọ́pàá kan, a ò sì lè purọ́ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdí gan-an nìyẹn tí «òṣìṣẹ́ rere» kò fi tó láti kọ sínú ìwé ìsìnkú. Tí bàbá yín bá kọ owó, ẹ sọ ọ́. Tó bá tú aláìṣẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn àtìmọ́lé láì gba kọ́bọ̀, ẹ sọ ọ́. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejì ọdún 2000, tí rògbòdìyàn Sharia bẹ̀rẹ̀ ní Kaduna, oníkálukú ń sá lọ sílé. Olọ́pàá ní láti kúrò nílé ni. Ta ló di ilẹ̀kùn mú fún ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà? Aládùúgbò wo ló gbà wọ́n sílé, ṣé Mùsùlùmí ni àbí Kìrìsìtẹ́nì? Ìtàn tó yẹ kí ọmọ-ọmọ gbọ́ nìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró di ọjọ́ ìsìnkú. Olọ́pàá tó bá ti lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, tàbí tó pé ẹni ọdún 60, ti fẹ̀yìn tì. Ẹni tó wọṣẹ́ nígbà ìdìtẹ̀ 1966 ti ń lọ sí ọgọ́rin ọdún tàbí kó ti kọjá rẹ̀. Ẹ jókòó tì wọ́n lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ bi wọ́n léèrè ọdún tí wọ́n wọṣẹ́, ibi tí wọ́n ti gba ẹ̀kọ́ olọ́pàá, àti àwọn ìlú tí wọ́n gbé wọn lọ. Ẹ bèèrè ohun tí ìyá tà tó fi rán ọmọ níléèwé nígbà tí owó oṣù kò dé. Ẹ bèèrè orúkọ àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tó kú lẹ́nu iṣẹ́, ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti ọdún. Ọmọ tí kò bá ìtàn, á bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni bàbá ìtàn. Ṣùgbọ́n tí ẹni tó máa rọ́ ọ bá lọ, àrọ́bá náà lọ nìyẹn.

Nígbà tí ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní bá tún dé, tí a bá ń gbàdúrà fún àwọn tó sin orílẹ̀-èdè, ẹ jẹ́ ká pe orúkọ. Ká pe Samuel, ká pe Latifat pẹ̀lú. Ká pe Hafsatu. Ká pe Yohana, Musa, Akpan, Hagai àti Philip. Lẹ́yìn náà, kí oníkálukú pe ti ilé rẹ̀.