Dókítà Tí Kò Tẹ Bọ́tìnì: Nise da Silveira, Dona Ivone Lara àti Àwọn Aláìsàn Engenho de Dentro

Ní ọdún 1944, oníṣègùn ọpọlọ kan tó ń jẹ́ Nise da Silveira padà sẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní orílẹ̀-èdè Bràsíìlì. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tó ti kúrò níbẹ̀. Ní 1936, nọ́ọ̀sì kan rí ìwé àwọn Kọ́múníìsì lọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì lọ fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Ìjọba Getúlio Vargas jù ú sẹ́wọ̀n fún ohun tó lé ní ọdún kan. Kì í ṣe ẹni tí ẹ̀rù tètè ń bà. Ní Salvador, olú ìlú Bahia, níbi tí àwọn Nàgó, ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ, ti mú òrìṣà fìdí múlẹ̀, ló ti kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn. Òun nìkan ni obìnrin láàárín ọkùnrin tó lé ní 150 tí wọ́n jọ gboyè ní 1926.

Ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé e lọ wà ní Engenho de Dentro, ládùúgbò àwọn mẹ̀kúnnù ní Rio de Janeiro. Tálákà ni ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n tì mọ́ ibẹ̀, aláwọ̀ dúdú sì pọ̀ nínú wọn. Nígbà tí Nise fi wà níta, àwọn oníṣègùn ọpọlọ ti rí irinṣẹ́ tuntun. Ní Ítálì, Cerletti àti Bini ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi iná mànàmáná sí orí aláìsàn láti 1938. Ní Pọ́túgà, Egas Moniz ti ń la agbárí láti 1935 kí wọ́n lè gé iṣan inú ọpọlọ. Àwọn mìíràn ń gún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ ínsúlínì títí yóò fi dákú. Nise fúnra rẹ̀ máa ń sọ ọ́ nígbà tó dàgbà pé ẹlẹgbẹ́ òun kan tẹ bọ́tìnì iná níṣojú òun, aláìsàn gbọ̀n rìrì, wọ́n gbé e kúrò, wọ́n gbé òmíràn wá, wọ́n sì ní kí òun náà tẹ̀ ẹ́. Ó ní òun kò ní tẹ̀ ẹ́.

Dókítà tó bá kọ irinṣẹ́ ilé ìwòsàn, kí ni wọn yóò fi í ṣe? Wọ́n fún un ní ẹ̀ka tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní ìwòsàn nípasẹ̀ iṣẹ́ ọwọ́. Ohun tí wọ́n ń fi orúkọ yẹn bò mọ́lẹ̀ kò ju kí aláìsàn máa gbálẹ̀, kí ó máa fọ ilé ìyàgbẹ́. Ní 1946 ni Nise gbà á, ó sì yí i padà pátápátá. Ó ṣí yàrá ìránṣọ àti ti ìdìwé. Ó fàyè gba orin àti ijó. Yàrá ìyàwòrán ni Almir Mavignier, ọ̀dọ́mọkùnrin ayàwòrán tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn náà, bá a dá sílẹ̀. Òfin ibẹ̀ kò pọ̀. Bébà wà, ọ̀dà wà, búrọ́ọ̀ṣì wà, amọ̀ wà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́ aláìsàn ní ohun tí yóò yà, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ tún un yà fún un. Ohun tó bá ti inú rẹ̀ wá ni kí ó gbé jáde.

Ọ̀kan nínú àwọn tó wọ yàrá náà ni Fernando Diniz, ọmọ Bahia, aláwọ̀ dúdú, tí wọ́n bí ní 1918. Ìyá rẹ̀, aránṣọ, mú un wá sí Rio ní kékeré. Inú ilé tí èrò kún fọ́fọ́ ni wọ́n ń gbé, ṣùgbọ́n ọmọ náà máa ń bá ìyá rẹ̀ lọ sí ilé àwọn ọlọ́rọ̀ tó ń ránṣọ fún, ojú rẹ̀ sì ń rí àga tìmùtìmù, dùùrù àti ilẹ̀ tó ń dán. Ó fẹ́ di ẹnjiníà. Ìfẹ́ ọmọbìnrin ilé kan nínú àwọn ilé wọ̀nyí kó sí i lórí. Nígbà tó gbọ́ pé ọmọbìnrin náà ti lọ́kọ, ìwé kíkà sú u, ọkàn rẹ̀ sì dàrú. Ní 1944, ọlọ́pàá mú un nítorí pé ó ń wẹ̀ ní ìhòòhò ní etíkun Copacabana. Bó ṣe di ará ilé wèrè nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì lé e lọ́wọ́, inú ilé ọlọ́rọ̀ yẹn ni ọwọ́ rẹ̀ lọ. Lákọ̀ọ́kọ́, gbogbo nǹkan rún pọ̀ sójú kan tí a kò mọ orí yàtọ̀ sí ìdí. Nígbà tó yá, ó ń ya nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan: àga lọ́tọ̀, àwo èso lọ́tọ̀. Lẹ́yìn náà ló ya ilẹ̀ ilé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn nǹkan náà lé e, títí odindi yàrá fi dúró, tí fèrèsé rẹ̀ ṣí. Nise tẹ̀ lé àwọn àwòrán wọ̀nyí bí ẹni ń ka lẹ́tà: ọkùnrin tí ayé rẹ̀ tú ká ló ń tún ilé kọ́ fún ara rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí Fernando jókòó kó ròyìn ìgbésí ayé rẹ̀, ó ṣòro kí wọ́n tó rí ìdajì èyí gbọ́. Iṣẹ́ tó ṣe kí ó tó kú tó nǹkan bí 30,000.

Emygdio de Barros ní tirẹ̀ ti lo ọdún 23 láhàámọ́ kí ó tó wọ yàrá ìyàwòrán, Mário Pedrosa, ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tó ń ṣe lámèyítọ́ iṣẹ́ ọnà ní Bràsíìlì, sì dìde gbè é. Ní 1949, wọ́n pàtẹ iṣẹ́ àwọn mẹ́sàn-án láti Engenho de Dentro ní São Paulo. Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n fún Egas Moniz ní ẹ̀bùn Nobel fún iṣẹ́ abẹ ọpọlọ. Lúcio wà nínú àwọn mẹ́sàn-án náà, ẹni tó ń fi amọ̀ mọ jagunjagun tó dúró ṣinṣin. Àwọn dókítà ilé ìwòsàn pinnu pé àwọn yóò ṣe iṣẹ́ abẹ yẹn fún un. Nise tako wọn, wọn kò gbọ́. Wọ́n ṣe é. Èyí tí Lúcio ń mọ lẹ́yìn rẹ̀ kò ju amọ̀ tí ọmọdé rọ́ jọ lọ. Ẹni tó bá ń bèèrè ẹ̀rí ohun tí ọ̀bẹ gé kúrò, ẹ̀rí náà wà nínú amọ̀.

Ní ti orin, orúkọ tó yẹ kí a máa dá ni ti Ivone Lara, tí gbogbo ayé padà mọ̀ sí Dona Ivone. Bàbá rẹ̀ ń ta gìtá, ìyá rẹ̀ ń kọrin, àbúrò òbí rẹ̀ sì kọ́ ọ ní cavaquinho, gìtá kékeré olókùn mẹ́rin. Nọ́ọ̀sì ni, kí ó tó di òṣìṣẹ́ tó ń wá ẹbí àwọn aláìsàn rí. Ó máa ń rìnrìn àjò lọ wá àwọn tó ti pa ènìyàn wọn tì sí Engenho de Dentro. Lọ́dọ̀ Nise, ó rí i pé ohun èlò orin wà ní àrọ́wọ́tó àwọn aláìsàn. Samba tó mọ̀ kì í ṣe orin orí ìwé. Bí lílé àti ègbè tiwa ló rí: ọ̀kan á dá a lójú agbo, ohun tó bá bọ́ sí i lẹ́nu ni yóò fi lé e, àwọn yòókù á sì gbè é. Ẹni tí kò lè bá ènìyàn sọ ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú méjì ṣì lè pàtẹ́wọ́ sí ègbè. Ohun tó wá ya ni lẹ́nu ni pé, fún ọdún púpọ̀, obìnrin tó ń fún aláìsàn láyè láti kọrin kò rí àyè kọ tirẹ̀. Fuleiro, ìbátan rẹ̀, ló ń gbé orin Ivone lọ sí agbo samba bí ẹni pé òun ló kọ ọ́, nítorí pé wọn kì í gba ti obìnrin. Ní 1965 ni orúkọ rẹ̀ tó hàn gẹ́gẹ́ bí akọrinsílẹ̀ fún ẹgbẹ́ Império Serrano. Ó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìlera ní 1977, àwo orin rẹ̀ àkọ́kọ́ sì jáde ní 1978.

Nise dá ilé àkójọ àwọn àwòrán náà sílẹ̀ ní 1952. Ohun tó wà níbẹ̀ lónìí lé ní 350,000. Ní 1956 ó dá Casa das Palmeiras sílẹ̀, níbi tí aláìsàn ti ń wá ṣiṣẹ́ ọnà ní ọ̀sán kí ó sì padà sílé rẹ̀ ní alẹ́. Ní 1957, Carl Jung fúnra rẹ̀ wá ṣí ìpàtẹ iṣẹ́ wọn ní Zurich. Kì í ṣe pé ara gbogbo wọn yá. Fernando kò bọ́ lọ́wọ́ ilé ìwòsàn títí ó fi kú ní 1999, ọdún kan náà tí Nise kú. Ṣùgbọ́n láti 2001, ní àsìkò Kànífáà, àwọn aláìsàn, òṣìṣẹ́ àti ará àdúgbò ti ń jọ jáde sí òpópónà Engenho de Dentro nínú ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Loucura Suburbana, Wèrè Àdúgbò, wọ́n sì ń kọ samba tí àwọn fúnra wọn gbé kalẹ̀.