Ẹgbẹ́ NPC láti Ìhà Ààlà Ìlọrin, 1951–1966

Kàdúná tàbí Kánò ni àwọn òǹkọ̀wé sábà máa ń dúró sí wo ẹgbẹ́ NPC. Ìhà Ìkìrun àti Òkukù ni a ó ti wò ó níhìn-ín. Ààlà ẹkùn Àríwá kò jìnnà síbẹ̀, Ọ̀ffà sì wà ní òdì kejì.

Ní 1951 ni Jam'iyyar Mutanen Arewa di ẹgbẹ́ òṣèlú. Ìbò nìkan kọ́ ni agbára rẹ̀. Àwọn ọba, agbowó-orí, ọlọ́pàá ìbílẹ̀ àti ilé-ẹjọ́ àlùkálì ni òpó tí ó gbé e ró. Ìlọrin ni èyí ti hàn jù lọ. Ẹgbẹ́ Ìlọrin Tálákà Parapọ̀, tí Action Group ń tì lẹ́yìn, borí nínú ìdìbò ìgbìmọ̀ ìlú ní 1956. Ní 1958 ìjọba Kàdúná tú ìgbìmọ̀ náà ká. Ẹni tí ó bá ní alátakò ni wọ́n kàn ń ṣọ̀tẹ̀ kò tí ì wo ọ̀rọ̀ owó-orí wò.

Ní 1959, NPC gba ìjókòó 134 nínú 312. Síbẹ̀ Ahmadu Bello kò kúrò ní Kàdúná. Balewa ni ó wà ní Èkó. Ní 1963, Kàdúná fipá mú Ẹ́míà Kánò, Muhammadu Sanusi, kúrò lórí oyè. Lójú tiwa, níbẹ̀ ni ẹgbẹ́ náà ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé òpó rẹ̀. Nígbà tí àwọn ológun pa Sàdáúná ní 15 January 1966, kò sí ẹni tí ó lè kó ẹgbẹ́ náà jọ mọ́. Òfin 33 ti May ọdún náà fi òfin de gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú. Àwọn ẹ́míà ṣì wà lórí ìtẹ́.